Ṣé ceramide ló ń gbé oògùn wọ inú awọ ara?

Ìyá ọmọ kan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ní ẹ́ksímà ní kọ́lọ́fín ìgbúnwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún. Dókítà kọ ìpara hydrocortisone 1% fún un. Nígbà tí mo dé ilé oògùn, ẹni tó dá mi lóhùn ní kí n ra ìpara mìíràn tó ní ceramide mọ́ ọn, pé ceramide ló máa ń gbé oògùn wọ inú awọ, kí n máa po méjèèjì pọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí n tó fi pa á. Owó ìpara yẹn ju ti oògùn fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní òun lè fi ránṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún mi?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kan ọmọ lónìí, ká tó wá wo ìdí rẹ̀. Ẹ má po ìpara méjèèjì pọ̀. Èyí tó ní ceramide, irú ọ̀rá kan tó wà nínú awọ wa, wúlò fún irú awọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa gbé hydrocortisone wọlé. Àwọn tó ṣe oògùn náà ti fara balẹ̀ ṣètò bó ṣe yòrò nínú ìpara rẹ̀ àti bó ṣe ń kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí awọ. Tí ẹ bá da ìpara àjèjì pọ̀ mọ́ ọn, agbára rẹ̀ lè dín kù, ẹ ò sì ní mọ iye tó kan ara ọmọ mọ́.

Lójú tèmi, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ nílé oògùn kò fẹ́ tàn yín jẹ. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ń fi ceramide gbé oògùn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ irú ceramide tí wọ́n ń lò, àti ibi tí wọ́n ń gbé oògùn náà lọ, yàtọ̀ pátápátá sí ti inú ike ìpara tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín, torí owó ńlá ló ń bá orúkọ yìí rìn báyìí, ó sì dùn mí bí àwọn ìyá ṣe ń ná an sí ibi tí kò yẹ.

Ìpele tó wà lókè pátápátá lára awọ wa, èyí tí kì í jẹ́ kí omi òjò wọ ara wa, kò nípọn ju 0.01 sí 0.02 mìlímítà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó ti pẹlẹbẹ, ló tò lé ara wọn níbẹ̀, ọ̀rá ló sì kún àárín wọn. Peter Elias, onímọ̀ awọ ara ní San Francisco, ló mú kí àpèjúwe kan gbilẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní: sẹ́ẹ̀lì ni bíríkì, ọ̀rá ni sìmẹ́ǹtì tó mú wọn pọ̀. Tí a bá wọn sìmẹ́ǹtì yẹn, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ceramide, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni cholesterol, ásíìdì ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú ìyókù. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo wọn. Ceramide kì í ṣe kẹ́míkà àjèjì kankan.

Mólékù ceramide ní orí kékeré kan àti ìrù méjì. Nínú awọ ara, ìrù kan lè ní kábọ́ọ̀nù 24 tàbí 26 tó so kọ́ra, nígbà mìíràn ó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gígùn ìrù yìí sọ́kàn, orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Ìrù gígùn máa ń nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fún pinpin, omi inú ara ò ní rí ọ̀nà jáde, nǹkan ìta ò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Torí náà, iṣẹ́ tí Ẹlẹ́dàá gbé lé ceramide lọ́wọ́ nínú awọ ara ni pé kó dènà oògùn, kì í ṣe pé kó gbé e wọlé.

Ìdènà náà le gan-an. Ní 2000, Bos àti Meinardi, àwọn onímọ̀ awọ ara ní Amsterdam, kọ ìlànà kan sílẹ̀ tí àwa tó ń po oògùn ń tẹ̀ lé títí dòní: mólékù tí ìwúwo rẹ̀ bá ju 500 dáltọ̀n (òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù) lọ kì í sábà kọjá nínú awọ tó dá ṣáká. Hydrocortisone jẹ́ nǹkan bí 362, ó sì bá ọ̀rá rẹ́, ìyẹn ló ṣe ń rí ọ̀nà wọlé fúnra rẹ̀. Insulin jẹ́ nǹkan bí 5,800. Ìdí nìyẹn tí àwọn onítọ̀ọ̀gbẹ ṣì fi ń gún abẹ́rẹ́, tí kò sí ìpara insulin tí wọ́n lè fi para.

Awọ ọmọ yín kò sì dá ṣáká báyìí. Imokawa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn ní 1991 pé ceramide inú awọ àwọn tó ní ẹ́ksímà kéré sí ti ẹni tí awọ rẹ̀ dá, kódà níbi tí àìsàn náà kò tíì fara hàn. Sìmẹ́ǹtì ti ṣán, àlàfo ti wà. Oògùn tí dókítà kọ ń wọ kọ́lọ́fín ìgbúnwọ́ ọmọ yẹn ju bó ṣe máa wọ ara tiyín lọ. Ẹ tún rántí pé tí a bá fi bí awọ ọmọdé ṣe fẹ̀ tó wé ìwúwo rẹ̀, tirẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ, nítorí náà ohun tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Lára ọmọ ọdún mẹ́ta, ohun tí àwa ń ṣọ́ ni kí steroid, irú oògùn tí hydrocortisone jẹ́, má wọlé jù. Kò sí ẹni tó ń wá ohun tó máa tì í wọlé sí i.

Ibi tí ceramide ti ń ran steroid lọ́wọ́ ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí. Steroid ń pa ìyún àti wíwú, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí awọ dẹwọ́ nínú ṣíṣe ọ̀rá tirẹ̀. Ní 2003, Elias àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi clobetasol, steroid tó lágbára gidigidi, pa awọ ara fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ìdènà awọ náà sì yẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àpòpọ̀ ceramide, cholesterol àti ásíìdì ọ̀rá tọ́jú rẹ̀, ó bọ̀ sípò. Ẹ kíyè sí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pò pọ̀. Iṣẹ́ wọn ṣáájú ìgbà yẹn ti fi hàn pé tí wọ́n bá fi ẹyọ kan tàbí méjì péré pa awọ tí ìdènà rẹ̀ ti bàjẹ́, ńṣe ni ìwòsàn ń falẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá máa ra ìpara oníceramide rárá, ẹ wá cholesterol àti ásíìdì ọ̀rá lẹ́yìn ike rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ceramide gàdàgbà síwájú, tó wá jẹ́ pé òun ló gbẹ̀yìn pátápátá nínú àwọn èròjà tó wà lẹ́yìn, ìwọ̀nba bíńtín ló wà níbẹ̀.

Ó yá, ibo wá ni wọ́n ti ń fi ceramide gbé oògùn? Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìrù.

Ní Hradec Králové, ní orílẹ̀-èdè Czech, Kateřina Vávrová àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gé ìrù ceramide kúrú nínú láàbù, wọ́n sì fi wé ti inú awọ. Ceramide onírù gígùn dáàbò bo awọ bó ṣe yẹ. Èyí tí ìrù rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣe òdìkejì rẹ̀: ó wọ àárín àwọn onírù gígùn, ó da títò wọn rú, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, oògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, orí kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀kan ń ti ilẹ̀kùn, èkejì ń ṣí i. Èyí tó wà nínú ìpara ọjà, tí wọ́n ń kọ sára ike pé Ceramide NP, AP tàbí EOP, wọ́n ṣe é kó fara jọ ti inú awọ ni. Onírù gígùn ni. Kì í ṣí nǹkan kan.

Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù lórí ceramide kékeré yìí kò sí lórí awọ ara rárá, inú àrùn jẹjẹrẹ ló wà. Ní 1993, Lina Obeid, Yusuf Hannun àti àwọn akẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ceramide lè mú kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ara rẹ̀. Ara ń lo ceramide láti fi ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì pé àsìkò rẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sì gbọ́n: wọ́n á sáré sọ ceramide di nǹkan mìíràn kí iṣẹ́ náà má bàa dé etí wọn. Ìbéèrè wá ni pé, báwo ni a ṣe lè kó ceramide púpọ̀ bá wọn lójijì? Onírù gígùn ò ṣe é lò, torí kì í yòrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í rọrùn fún un láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Onírù kábọ́ọ̀nù mẹ́fà lè wọlé, ṣùgbọ́n òun náà kò bá omi rẹ́.

Ohun tó yọ wọ́n ni liposome. Tí ọ̀rá kan báyìí bá bọ́ sínú omi, ó máa ń di àpò róbótó tíntìntín fúnra rẹ̀, omi díẹ̀ á sì wà nínú àpò náà. Alec Bangham ló ṣàlàyé rẹ̀ ní Babraham, nítòsí Cambridge, láwọn ọdún 1960. Oògùn tó fẹ́ràn omi lè wọ inú àpò, èyí tó fẹ́ràn ọ̀rá lè fara pamọ́ sí ara àpò fúnra rẹ̀. Mark Kester àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ní Yunifásítì Penn State kí wọ́n tó lọ sí Yunifásítì Virginia, fi ceramide onírù kábọ́ọ̀nù mẹ́fà sára irú àpò bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ceramide kì í ṣe ẹlẹ́rù nìkan, òun gan-an ni oògùn. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn aláìsàn ní ìpele àkọ́kọ́, ìpele tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ara gbà á, àti ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n lò. Ẹ ò lè rí i rà nílé oògùn kankan.

Ìbátan ceramide kan wà tó ti dé ọjà rí. Sphingomyelin ni, ìyẹn ceramide tí wọ́n so orí tó fẹ́ràn omi mọ́. Ó wà káàkiri ara wa, pàápàá nínú ọpọlọ àti lára iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Tí sphingomyelin bá pàdé cholesterol, wọ́n máa ń dì mọ́ra gan-an, àpò tí wọ́n bá ṣe kì í sì í tètè jò. Ìyẹn ni wọ́n lò fún vincristine, oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára òdòdó kékeré aláwọ̀ àlùkò tàbí funfun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn síwájú ilé lọ́dọ̀ wa. (Ẹ má tìtorí èyí já ewé rẹ̀ sè o. Majele tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ni, dókítà nìkan ló ń wọn ún.) Vincristine lásán máa ń tètè tán nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó wà nínú àpò sphingomyelin ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó tán. Àjọ FDA, tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 2012 pẹ̀lú orúkọ Marqibo, fún àwọn àgbàlagbà tí irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ti padà sí lára. Ní 2022, wọ́n gba àṣẹ náà padà, torí ìwádìí tó yẹ kó fìdí àǹfààní rẹ̀ múlẹ̀ kò parí. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé kódà èyí tí sáyẹ́ǹsì rẹ̀ dára gan-an ṣì ní láti fi ẹ̀rí hàn lára aláìsàn.

Bákan náà, ní Vancouver, Pieter Cullis àti àwọn èèyàn rẹ̀ lo ceramide láwọn ọdún 1990 láti fi di èròjà kan tó ń jẹ́ PEG mọ́ ara àpò tó ń gbé DNA, kí ara má bàa tètè gbá àpò náà mú. Nígbà tí ìrù ceramide náà jẹ́ kábọ́ọ̀nù 14, PEG tètè já kúrò. Nígbà tó jẹ́ 20, ó pẹ́ lára àpò. Ẹ tún rí ìrù níbẹ̀. Ìmọ̀ ilé iṣẹ́ wọn yẹn náà ló wà lẹ́yìn ọ̀rá tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Pfizer, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ceramide nínú ìyẹn.

Lórí awọ ara ńkọ́? Ní 1986, Wertz, Downing àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Iowa fi ceramide, cholesterol, ásíìdì ọ̀rá àti cholesterol sulfate ṣe liposome, irú ọ̀rá tó wà nínú awọ gan-an. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti fi irú àpò bẹ́ẹ̀ kó oògùn sórí awọ. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé àpò náà kì í kọjá lódindi. Ó máa ń yọ́ mọ́ ọ̀rá òkè awọ, oògùn á sì dúró síbẹ̀ bí ìṣúra tó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn dára fún oògùn tí a fẹ́ kó dúró sókè, kó má wọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kó oògùn sínú àpò náà, pẹ̀lú ooru àti ẹ̀rọ. Lẹ́búlẹ́bú funfun bí ìda ni ceramide onírù gígùn, ó nílò ooru tó le gan-an kó tó yọ́, tí wọn ò bá sì ṣọ́ra, ńṣe ló ń dì padà sí horo horo nínú ìpara. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní ti ọmọ yín, bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ tẹ hydrocortisone sórí ìka ìlábẹ̀ yín láti oríkèé òkè dé ṣóńṣó: ó tó nǹkan bí ìdajì gíráàmù, ó sì tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì pẹ̀lú ìka wọn. Kọ́lọ́fín ìgbúnwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń yún nìkan ni kí ẹ fi í pa, fún iye ọjọ́ tí dókítà sọ. Ìpara tó ń rọ awọ, ẹ fi pa gbogbo ara, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú wà láàárín òun àti oògùn, èyíkéyìí tó bá ṣáájú.

Ìpara tó ń rọ awọ yìí, púpọ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àjọ NICE, tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí ọmọdé tó ní ẹ́ksímà máa lo 250 sí 500 gíráàmù lọ́sẹ̀. Ẹ wá wo ike oníceramide kékeré tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, kó tó ọjọ́ mélòó? Ìyá tó bá ra ohun olówó gọbọi á máa fi ṣóńṣó ìka bù ú, awọ ọmọ á sì gbẹ. Ìwádìí kan lára ọmọdé 550 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2022, fi losọ̀n, kírímù, jẹ́lì àti ìpara dídì wéra, wọn ò rí èyí tó ta èkejì yọ. Èyí tí ọmọ fẹ́ràn, tí owó yín sì ká láti máa fi pa á dáadáa lójoojúmọ́, ni kí ẹ rà. Vaseline tí kò ní lọ́fínńdà ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ ṣáà má jẹ́ kí aṣọ tó ti mu ún sún mọ́ iná. Òrí tó mọ́, tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, ẹ lè lò ó tí kò bá ta ọmọ lára. Òróró ólífì tí a fẹ́ràn láti fi pa ọmọ ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sílẹ̀: ìwádìí Yunifásítì Sheffield ní 2013 rí i pé ó ń ba ìdènà awọ jẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà fún ọmọ ní ceramide láìná kọ́bọ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ceramide lókè awọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí awọ bá kan díẹ̀, ní nǹkan bí pH 5.5 (bí pH bá ṣe ń ga sí i ni kíkan ń dín kù). Ọṣẹ dúdú, tó jẹ́ pé eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, àti ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀ tó le, ń gbé pH awọ sókè, wọ́n sì ń fọ ọ̀rá dànù. Ẹ gbé kàn-ìn-kàn-ìn tì. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ tẹ ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi ìpara pa á nígbà tí ara ṣì tutù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi kún un.

Lára wa, àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹ́ksímà kì í sábà pọ́n. Ó máa ń dúdú tàbí kó rí bí eérú, tó bá sì san, àpá dúdú tàbí funfun á kù síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ìpara tó ń mú awọ "dán" fún àwọn ìyá. Clobetasol àti hydroquinone, èròjà tó ń bó awọ, ló wà nínú púpọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kó kan ọmọ yẹn. Àpá náà á lọ fúnra rẹ̀ tí ẹ́ksímà bá ti rọlẹ̀.

Tí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ láti London, kó wá ike ńlá tí kò ní lọ́fínńdà. Tí ceramide bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú cholesterol àti ásíìdì ọ̀rá, ó dára. Tí kò bá sí, ẹ má dààmú. Ṣùgbọ́n tí ibi tó ń yún bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi tàbí yọ ọyún, tí ibà bá mú ọmọ, tàbí tí ẹ bá rí róró kéékèèké tó ń dùn ún, tó ń bẹ́ di egbò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.